Ọ́ìlì Wo Ló Yẹ Ọkọ̀ Akẹ́rù Tuntun Yín? Ìtọ́sọ́nà fún Onímọ́tò Abẹ́òkúta

Ọkọ̀ akẹ́rù tuntun kì í ṣe nǹkan tí èèyàn ń fi owó ọjà kan rà. Ẹlòmíì fi àjọ kó o jọ, ẹlòmíì yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹlòmíì sì ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń ká mi lára tí mo bá rí típà tí kò tíì pẹ́ lójú títì, tí wọ́n ti sọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kalẹ̀ ní Láfẹ́nwá, tí bẹ́ríìnì ti jẹ, tí tọ́bò ti lọ, nígbà tó jẹ́ pé ọ́ìlì tó yẹ kò fi bẹ́ẹ̀ wọ́n ju èyí tí wọ́n ń dà sí i lọ.

Nǹkan mẹ́ta ni wọ́n sábà fi ń yan ọ́ìlì lọ́dọ̀ wa: bó ṣe ki tó, ohun tí ẹni tó ń tà á bá sọ, àti ohun tí ọ̀rẹ́ ń lò. Kò sí èyí tó kan ẹ́ńjìnnì yín nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tó ṣe ẹ́ńjìnnì ló mọ àlàfo tó fi sáàárín irin àti irin, òun ló sì kọ irú ọ́ìlì tó lè ráyè wọ ibẹ̀ sínú ìwé tó bá ọkọ̀ wá. Ìwé yẹn ló ń yan ọ́ìlì. Iṣẹ́ tiwa ni ká mọ̀ ọ́n kà, ká mọ bí a ṣe ń fi wé ohun tí wọ́n kọ sára kẹ́ẹ̀gì, ká sì mọ ibi tí ooru, eruku àti sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ojú ọ̀nà wa ti gbọ́dọ̀ yí ìṣirò padà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mú ìwé ọkọ̀ jáde kí ẹ tó lọ sọ́jà

Ó sábà máa ń wà nínú àpótí kékeré tó wà níwájú ẹni tó jókòó ti dẹ́rẹ́bà, tàbí lẹ́yìn àga. Tó bá jẹ́ èdè Ṣáínà nìkan ni wọ́n fi kọ ọ́, ẹ béèrè ti Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ ẹni tó ta ọkọ̀ fún yín kí ẹ tó san owó tó kù. Ẹ má tijú. Ara ọjà tí ẹ rà ni.

Ohun mẹ́ta ni kí ẹ dà kọ sórí ìwé, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù: nọ́ńbà SAE tí wọ́n gbà láyè (òun ló ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó, bíi 15W-40), lẹ́tà òṣùwọ̀n API ti Amẹ́ríkà tàbí ACEA ti Yúróòpù (tàbí nọ́ńbà tí iléeṣẹ́ ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ń lò), àti iye líìtà tí ẹ́ńjìnnì ń gbà tí ẹ bá pààrọ̀ fílítà pọ̀ mọ́ ọn. Píkọ́ọ̀pù lè gba bíi 6 sí 8, tírélà ńlá lè gba 30 líìtà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ má fojú díwọ̀n.

Ẹ tún wo irin pẹlẹbẹ tí wọ́n kàn mọ́ ara ẹ́ńjìnnì. Orúkọ tó wà níwájú ọkọ̀ àti èyí tó wà lára ẹ́ńjìnnì lè má jẹ́ ọ̀kan náà. Shacman kan lè gbé ẹ́ńjìnnì Weichai, òmíràn lè gbé ti Cummins. Ohun tí ẹni tó ṣe ẹ́ńjìnnì bá sọ ni kí ẹ mú. Ẹ máa rí Euro 2, Euro 3 tàbí Euro 5, ìyẹn òṣùwọ̀n bí èéfín ẹ́ńjìnnì ṣe mọ́ tó, níbẹ̀ tàbí nínú ìwé. Ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀, ó máa wúlò láìpẹ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ mọ ohun tí nọ́ńbà ń sọ

15W-40 ti di orúkọ ọ́ìlì lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn. Nọ́ńbà méjì ni, iṣẹ́ wọn ò sì jọra. Ti iwájú, èyí tí W tẹ̀lé, ń sọ bí ọ́ìlì ṣe máa ṣe tí òtútù bá mú un. Ìgbà òtútù ilẹ̀ òyìnbó ni W yẹn ń tọ́ka sí. Nínú òtútù tó wálẹ̀ tó ìwọ̀n 20 sísàlẹ̀ òdo lórí Celsius ni wọ́n ti ń dán 15W wò, láti mọ̀ bóyá ó ṣì máa jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì yí. Abẹ́òkúta ò rí irú òtútù bẹ́ẹ̀ rí, kódà nígbà ọyẹ́.

Nọ́ńbà ẹ̀yìn ni kí ẹ tẹjú mọ́. Òun ló ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó nígbà tí ooru rẹ̀ bá dé ìwọ̀n 100, ìyẹn nítòsí ibi tí ooru ọ́ìlì máa ń wà tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́. 30 fẹ́lẹ́, 40 ki jù ú lọ, 50 ki ju méjèèjì lọ.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ “ẹ bá a wá èyí tó ki, ooru wa pọ̀” ti ń ba ẹ́ńjìnnì tuntun jẹ́. Ooru ìta kọ́ ni ooru inú ẹ́ńjìnnì. Rédíétọ̀ àti tẹmositáàtì ló ń ṣọ́ ti inú, ìyàtọ̀ tó sì wà láàárín ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta àti irú rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Jámánì kò tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tí irin rẹ̀ ti jẹ, tí èéfín búlúù ń jáde nídìí rẹ̀, lè rí ìrànwọ́ díẹ̀ nínú 20W-50, torí àlàfo inú rẹ̀ ti fẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tuntun ò ní irú àlàfo bẹ́ẹ̀. Tí ọ́ìlì bá ki ju ohun tí wọ́n ṣe é fún lọ, kì í tètè dé orí tọ́bò tí ẹ bá ṣíná láàárọ̀, bẹ́ẹ̀ tọ́bò ń yí kíkankíkan láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì á tún máa lo agbára láti ti ọ́ìlì yẹn kiri, díísù ni ẹ sì máa fi san án.

Síbẹ̀, ooru wa kì í ṣe ohun tí a ó gbójú fò. Ọ̀pọ̀ ìwé ọkọ̀ ló ní tábìlì kan tó to nọ́ńbà SAE sí ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀n ooru ìta. Tó bá jẹ́ pé 10W-30 dúró ní ìwọ̀n 30 nínú tábìlì yẹn, tí 15W-40 sì kọjá 40, 15W-40 ni kí ẹ mú, torí ọ̀sán wa máa ń kọjá 33 dáadáa lóṣù Èrèlé àti Ẹrẹ́nà. Láàárín ohun tí ìwé gbà láyè ni ẹ ti ń yàn. Ẹ má kọjá rẹ̀.

Fún ọ̀pọ̀ típà àti tírélà tó ń lo díísù, 15W-40 ni ìwé máa sọ. Píkọ́ọ̀pù tuntun lè béèrè 5W-30, ti bẹntiróòlù míì tiẹ̀ lè béèrè 0W-20, tó ń ṣàn bí omi lójú ẹni tí SAE 40 ti mọ́ lára. Ẹ fún un ní ohun tó béèrè. SAE 40 lásán, tí kò ní W, ti ẹ́ńjìnnì àtijọ́ àti jẹnẹrétọ̀ kan ni.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ ka lẹ́tà, torí òun ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀

15W-40 méjì lè dúró sórí tábìlì kan náà, kí ọ̀kan tọ́jú ẹ́ńjìnnì, kí èkejì sì bà á jẹ́. Lẹ́tà tó tẹ̀lé API ló máa fi ìyàtọ̀ hàn yín. API ni ẹgbẹ́ àwọn elépo rọ̀bì ní Amẹ́ríkà tó ń ṣètò òṣùwọ̀n yìí. Tí lẹ́tà àkọ́kọ́ bá jẹ́ S, ti bẹntiróòlù ni: SL, SM, SN, SP. Tó bá jẹ́ C, ti díísù ni: CF-4, CH-4, CI-4, CJ-4, CK-4. Bí lẹ́tà kejì bá ṣe ń jìnnà sí A ni ọ́ìlì ṣe ń jẹ́ tuntun sí i. CF-4 jáde lọ́dún 1990, CI-4 lọ́dún 2002, CK-4 ní oṣù Kejìlá ọdún 2016. API ti ka CF-4 sí ohun àtijọ́, àmọ́ ẹ ṣì máa rí i lọ́jà, ó sì máa ń dín owó. Ọkọ̀ tí ìwé rẹ̀ sọ CI-4 kò gbọdọ̀ mu ún. Ẹ lè rí ọ́ìlì tó ní lẹ́tà méjèèjì, bíi CI-4/SL. Èyí tí wọ́n kọ ṣíwájú ni iṣẹ́ tí wọ́n dìídì ṣe é fún.

FA-4 jáde pa pọ̀ pẹ̀lú CK-4. Ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ fi sílẹ̀ àyàfi tí ìwé yín bá dárúkọ rẹ̀.

Ẹ wá fara balẹ̀ síbí, torí díísù wa wọ ọ̀rọ̀ náà. Imí-ọjọ́ wà nínú díísù. Tó bá jóná, ó ń di ásíìdì, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì ń sọ̀ kalẹ̀ sínú ọ́ìlì. Wọ́n fi èròjà tó ń pa ásíìdì yìí sínú ọ́ìlì. Nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní TBN ló ń sọ bí agbára rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ọjọ́ tí agbára yẹn bá tán, ásíìdì á dojú kọ bẹ́ríìnì. API sọ pé CI-4 lè bá díísù tí imí-ọjọ́ rẹ̀ tó ìdá 0.5 nínú 100 (ìyẹn 5,000 nínú mílíọ̀nù kan) ṣiṣẹ́. CK-4 wà fún èyí tí kò kọjá 500 nínú mílíọ̀nù kan, wọ́n sì kìlọ̀ pé tó bá ti kọjá 15 nínú mílíọ̀nù kan, ó lè mú kí ohun tí wọ́n fi ń fọ èéfín tètè bàjẹ́, ó sì lè kan iye ìgbà tí ẹ máa pààrọ̀ ọ́ìlì.

Nítorí náà, fún típà tàbí tírélà Euro 2 àti Euro 3 tí kò ní fílítà èéfín, 15W-40 CI-4 tó jẹ́ ojúlówó ni mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n rà, tí ìwé wọn bá ti gbà á, pàápàá àwọn tó ń ra díísù níbi tí wọ́n bá ti rí i. CK-4 tuntun jù ú lọ lóòótọ́, àmọ́ ẹ má rò pé dandan ni kí ẹ lé e kiri fún irú ọkọ̀ yẹn.

Ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá tí ọkọ̀ bá ní DPF, ìyẹn fílítà tó ń mú dúdú èéfín nínú páìpù sàlẹ́ńsà. Eérú tó wà nínú CI-4 máa dí i díẹ̀díẹ̀. Dúdú èéfín lè jóná kúrò nínú DPF, eérú kì í jóná. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ nílò ọ́ìlì tí eérú rẹ̀ kéré: CJ-4 tàbí CK-4, ACEA E6 tàbí E9, àti E8 tàbí E11 tó wà nínú ìlànà ACEA ti 2022, píkọ́ọ̀pù sábà máa ń béèrè C2 tàbí C3. Díísù tó mọ́ ni kí ẹ máa rà fún un pẹ̀lú. Báwo lẹ ṣe máa mọ̀? Ẹ wo iná DPF lójú dáṣíbọ́ọ̀dù nígbà tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́. Tí ẹ bá sì rí táńkì kékeré tí ìdérí rẹ̀ jẹ́ búlúù lẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì díísù, omi yúríà ló ń lọ síbẹ̀, ọkọ̀ òde òní ni; ẹ béèrè nípa DPF kí ẹ tó ra ọ́ìlì kankan.

Àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ kan ní nọ́ńbà tiwọn, ó sì lágbára ju API lọ tí ọkọ̀ yín bá jẹ́ tiwọn: VDS-3 tàbí VDS-4.5 fún Volvo, MB 228.3 tàbí 228.51 fún Mercedes-Benz, CES 20078 fún Cummins. Ẹ wo ọ̀rọ̀ tó ṣíwájú rẹ̀ lára kẹ́ẹ̀gì. Tí wọ́n bá kọ Approval, iléeṣẹ́ ọkọ̀ ti fọwọ́ sí i. Tó bá jẹ́ Meets ni wọ́n kọ, ẹni tó ṣe ọ́ìlì ló ń jẹ́rìí ara rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ má tètè da ọ́ìlì tó bá ọkọ̀ wá nù

Àwọn kan máa ń fa ọ́ìlì iléeṣẹ́ dànù lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá dé, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi “ojúlówó” sí i. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ rẹ̀ títí di sáfíìsì àkọ́kọ́ tí ìwé sọ. Ẹ má da oògùn ẹ́ńjìnnì kankan mọ́ ọn. Àwọn irin inú ẹ́ńjìnnì ń mọ ara wọn lọ́wọ́ nígbà yẹn, wọ́n sì ní láti fara kan ara wọn díẹ̀ kí wọ́n tó jókòó dáadáa. Ẹrù tó wúwo jù ni kí ẹ yẹra fún lákòókò yẹn. Àmọ́ tí ọkọ̀ bá ti pẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tà á, ẹ béèrè oṣù tí wọ́n tò ó pọ̀, torí ọ́ìlì ń gbó pẹ̀lú ọjọ́ bí ọkọ̀ ò tiẹ̀ rìn.

Tí ọkọ̀ bá ní wọ́ráńtì, ẹ tọ́jú rìsíìtì ọ́ìlì àti fílítà gbogbo. Bí ẹ́ńjìnnì bá dá iṣẹ́ sílẹ̀, ìwé ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ ka wákàtí mọ́ kìlómítà

Ọ̀pọ̀ ìwé ló ní ojú ìwé méjì fún àkókò pípààrọ̀ ọ́ìlì: ti iṣẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ àti ti iṣẹ́ líle. Ẹ ka àwọn nǹkan tí wọ́n pè ní iṣẹ́ líle: eruku, ooru, ẹrù tó pọ̀, òkè gígùn, kí ẹ́ńjìnnì máa dún lójú kan. Típà tó ń gbé òkúta láti àwọn ibi ìfọ́kúta ní Ọ̀dẹ́dá, tàbí tírélà tó ń tò sórí ìlà sìmẹ́ńtì ní Ewékoro, ti bá gbogbo rẹ̀ pàdé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ojú ìwé kejì ni tiwa. Tí ìkíní bá sọ 10,000 kìlómítà tí èkejì sì sọ 5,000, 5,000 ni kí ẹ kọ.

Ohun tí mítà ọkọ̀ kì í ka ni dídúró. Àwọn tó ń ṣe ìṣirò yìí sábà máa ń ka wákàtí 1 tí ẹ́ńjìnnì fi dún lójú kan sí nǹkan bíi 40 kìlómítà. Ẹ bá mi ṣe é: ọkọ̀ tó dúró lórí ìlà fún wákàtí 4 lójúmọ́, tó sì ṣiṣẹ́ ọjọ́ 25 lóṣù, ti dún fún wákàtí 100 láìrìn. 4,000 kìlómítà nìyẹn, tí mítà ò kà rárá. Ẹni tó ń fi mítà nìkan ṣọ́ ọ́ìlì á rò pé òun ṣì ní àyè, bẹ́ẹ̀ ọ́ìlì ti gbó sínú sọ́ọ̀mpù. Ẹ sọ fún dẹ́rẹ́bà kó máa pa ẹ́ńjìnnì tí ìlà ò bá sún, kó kàn jẹ́ kí tọ́bò tutù díẹ̀ kó tó pa á.

Fílítà afẹ́fẹ́ wà nínú ọ̀rọ̀ ọ́ìlì. Lẹ́búlẹ́bú òkúta tó bá kọjá rẹ̀ máa bọ́ sínú ọ́ìlì, á sì máa lọ irin. Ní Ọ̀dẹ́dá àti nígbà ọyẹ́, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kò sí ọ́ìlì tó lè gba ọkọ̀ là tí fílítà afẹ́fẹ́ rẹ̀ bá ti ya.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Rírà á

Ọ̀pọ̀ ìsọ̀ ló ń ta ọ́ìlì káàkiri ìlú, láti Láfẹ́nwá dé Pánṣẹ́kẹ́. Ọ̀rọ̀ tó máa ń wáyé níbẹ̀ kò ju báyìí lọ:

“Ìyá, ẹ kú ọjà o. Ọ́ìlì típà ni mo ń wá.”

“Ẹ káàbọ̀, Àlàájì. Ti dúróòmù ni àbí ti kẹ́ẹ̀gì? Ti dúróòmù ò wọ́n.”

“Kẹ́ẹ̀gì ni mà. 15W-40, CI-4. Ẹ jẹ́ n wo ẹ̀yìn rẹ̀.”

“Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, Àlàájì. Ẹ tiẹ̀ wo bó ṣe ki.”

“Mo gbọ́ mà. Ẹ ṣáà jẹ́ n wo ẹ̀yìn rẹ̀.”

Ẹ dúró lórí ọ̀rọ̀ yín bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹ yí kẹ́ẹ̀gì sẹ́yìn. Iwájú ni wọ́n ń ya àwòrán tírélà sí, ẹ̀yìn ni wọ́n ń kọ òtítọ́ sí, pẹ̀lú lẹ́tà wínníwínní. Tí wọ́n bá kọ 15W-40 gàdàgbà, tí ẹ ò sì rí API kankan, ẹ gbé e padà. Ẹ wo òrùka ìdérí bóyá ó ti já, àti sílì tó wà lábẹ́ ìdérí bóyá wọ́n fi iná lẹ̀ ẹ́ padà. Nọ́ńbà ìdìpọ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é gbọ́dọ̀ wà lára kẹ́ẹ̀gì, kí wọ́n má sì ṣeé fi àtàǹpàkò pa rẹ́. Èyí tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà yẹ kó ní àmì MANCAP ti SON, àjọ ìjọba tó ń rí sí òṣùwọ̀n ọjà. Kẹ́ẹ̀gì tí ara rẹ̀ ti ha, tí lébẹ̀ẹ̀lì rẹ̀ sì ń dán bí tuntun, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti lò ó rí.

Mi ò fọwọ́ sí ọ́ìlì dúróòmù tí wọ́n ń bù ní líìtà líìtà fún ọkọ̀ tuntun. Kò sí bí ẹ ṣe máa mọ ohun tí wọ́n dà sínú dúróòmù yẹn lẹ́yìn tí ti iléeṣẹ́ tán. Ẹni tó ní ọkọ̀ púpọ̀ lè ra dúróòmù odindi tí sílì rẹ̀ pé lọ́wọ́ aṣojú iléeṣẹ́, ìyẹn yàtọ̀. Ẹ ra kẹ́ẹ̀gì kékeré kan lé e, irú kan náà, kó wà nínú ọkọ̀, kí dẹ́rẹ́bà má bàa ra ohunkóhun tó bá rí ní Ìfọ̀ tàbí Ọ̀tà láti fi kún un.

Ìgbésẹ̀ keje: Dídà á àti yíyẹ̀ ẹ́ wò

Ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí mẹkáníìkì bá ń ṣe é. Kí ẹ́ńjìnnì gbóná díẹ̀ kí wọ́n tó fa ti àtijọ́, torí ìdọ̀tí á bá a jáde. Fílítà ọ́ìlì tuntun ní gbogbo ìgbà. Kí wọ́n fi ọ́ìlì tuntun pa rọ́bà rẹ̀ kí wọ́n tó dè é. Kí wọ́n kọ́kọ́ dà á kù díẹ̀ sí iye líìtà tí ẹ kọ sílẹ̀, kí wọ́n ṣíná fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí wọ́n pa á, kí wọ́n sì jẹ́ kí ọ́ìlì sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n tó fi géèjì wò ó.

Ibi tó tẹ́jú ni kí ọkọ̀ wà. Ìlú olókè nìlú wa, ìdá kékeré tí ọkọ̀ bá fi dagun lè fi irọ́ hàn lórí géèjì. Ẹ fa ọ̀pá géèjì yọ, ẹ nù ún pẹ̀lú aṣọ tí òwú rẹ̀ kì í já, ẹ tì í padà dé ìdí, kí ẹ tó tún fà á yọ. Àmì rẹ̀ yẹ kó wà láàárín ilà méjèèjì. Tó bá kọjá ilà òkè, ẹ fa díẹ̀ kúrò: ọ́ìlì tó pọ̀ jù máa ń hó fùkẹ̀fùkẹ̀, fùkẹ̀ ò sì lè gbé bẹ́ríìnì dúró.

Lẹ́yìn náà, kí dẹ́rẹ́bà máa wò ó láràárọ̀ kó tó ṣíná. Tí ọ́ìlì díísù bá dúdú lọ́jọ́ kejì, ẹ má fòyà, dúdú èéfín ló ń kó mọ́ra. Tó bá funfun bí ògì, omi ti wọ inú rẹ̀, ẹ má ṣíná. Tó bá ń pọ̀ sí i láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni da nǹkan sí i, díísù tàbí omi ló ń wọlé, ẹ pe mẹkáníìkì lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ kọ ọjọ́, kìlómítà àti orúkọ ọ́ìlì sórí páálí kan, kí ẹ so ó mọ́ nítòsí ihò ọ́ìlì. Ẹ gún kẹ́ẹ̀gì tó ṣófo kí ẹ tó jù ú nù, kí ayédèrú má bàa rí ilé gbé. Ọ́ìlì kọ́ńdẹ́mù tí wọ́n fà jáde, ẹ má jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ dà á sí gọ́tà. Odò Ògùn ni ọ̀pọ̀ gọ́tà wa ń ṣàn lọ, inú odò yẹn sì ni iléeṣẹ́ omi Àrákàngá ti ń fa omi tí wọ́n ń pọn fún ìlú. Ẹ gbà á sínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ dé e pa, kí ẹ sì gbé e fún àwọn tó ń kó o jọ lọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì.